Fọ́tò Tí Kò Ní Ojúlówó Mọ́

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tí aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ogójì ìṣẹ́jú, fáìlì kan parẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kan tó wà láàárín ilé ìfọṣọ àti ilé ìtajà bàtà. Kò sí àríyànjiyàn lórí ọjọ́ náà tàbí lórí aago. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ fáìlì náà, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wò ó. Ohun tí kọ̀ǹpútà kò kọ ni ohun tó wà nínú fáìlì yẹn kó tó di pé wọ́n fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó pa á rẹ́ kò mọ̀ pé òun pa ohunkóhun rẹ́. Àtúnṣe ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ló ń ya fọ́tò níwájú. Òun a máa jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, a máa tún ohun tí ọ̀gá bá yà ṣe. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó lè nu ìrorẹ́ kúrò lójú ènìyàn kí tíì tó tutù nínú ife. Bí ẹnìkan bá dijú nígbà tí wọ́n yà á, ó lè la ojú náà fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ìrorẹ́ ni èrò fi ń wọ́ lọ síbẹ̀. Tìtorí ara ni.

Ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máòsì rẹ̀ tó ń kọ ohun tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan fẹ́ sí. Ẹni tó bá ní sùúrù láti ka ìwé ọdún náà yóò rí i pé àwọn 214 tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Obìnrin 119 nínú wọn ní kó dín nǹkan kù lára àwọn. Ọkùnrin 71 ní kó fi nǹkan kún tiwọn. Obìnrin mẹ́sàn-án péré ló ní kó jẹ́ kí àwọn sanra sí i, gbogbo wọn ló sì dàgbà níbòmíràn kí wọ́n tó wá máa gbé ní àdúgbò yìí. Wọ́n fẹ́ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sílé ni, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílé rò pé ìyà ń jẹ àwọn. Ó wá ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ní kó fi àwọn sílẹ̀ bí àwọn ṣe rí. Àtúnṣe gbà pé ara àwọn yẹn tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ń kánjú ni.

Àwọn obìnrin kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Wọ́n á fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní kó gé ibí, kó fa ibí wọlé, bí ẹni tó gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Àwọn ọkùnrin ló máa ń rìn yí ọ̀rọ̀ ká. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n á sọ̀rọ̀ iná mànàmáná, wọ́n á wá sọ ọ́ bí ẹni pé ó ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu wọn ni pé, bọ̀dá, ṣé apá yìí kò lè tóbi díẹ̀ sí i? Kì í ṣe pé apá àwọn kéré o. Ìmọ́lẹ̀ ni kò dára.

Ìwà kan wà lọ́wọ́ Àtúnṣe. Kọ̀ǹpútà náà ti gbó, àyè inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀gá sì máa ń ráhùn bó bá ti kún. Nítorí náà, bó bá ti tún fọ́tò kan ṣe tán, yóò fi èyí tuntun lé èyí àtijọ́ lórí, orúkọ kan náà, fáìlì kan náà. Wọ́n kọ́ ọ pé kí ó máa tọ́jú ojúlówó sọ́tọ̀. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ tẹnu mọ́ ọn títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà rèé tó ti ń ṣiṣẹ́ náà, kò tíì sí oníbàárà kan ṣoṣo tó padà wá bèèrè ara tó ní kí wọ́n bá òun gé kúrò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ni ọmọ ìyá méjì kan wọlé. Obìnrin ni ẹ̀gbọ́n, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, akọ̀wé tó ń jókòó síwájú ní ilé oníṣègùn eyín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, apá rẹ̀ tóbi, ìrìn rẹ̀ rọra ń lọ bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀rọ̀bọ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ó sọ fún ọ̀gá, nígbà tó ń tún irun rẹ̀ ṣe níwájú dígí, pé kò dun òun bí wọ́n ṣe ń pe òun bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kò bi í ní ìbéèrè kankan tó jẹ mọ́ ọn. Ọkùnrin ni àbúrò, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tó ń tún fóònù ṣe. Báírò ni wọ́n ń pe òun, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, orí rẹ̀ sì rí ṣóńṣó lókè.

Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò kan tí àwọn méjèèjì yóò wà nínú rẹ̀, wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún ìyá wọn. Ọ̀gá ní kí wọ́n dúró síwájú aṣọ ìkélé aláwọ̀ eérú, ejìká sí ejìká, ó sì yà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn, tó fa àga mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àtúnṣe, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka. Àbúrò dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yẹ fóònù rẹ̀ wò bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Nígbà tó yá, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun kan wà tí wọ́n fẹ́ràn kí àyà ènìyàn fẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Bọ̀dá Àtúnṣe má dá a lóhùn, pé láti ìgbà tó ti ń jẹ ẹyin mẹ́rin láràárọ̀, ikùn kò yọ, apá kò yọ, àfi kí ilé kàn máa rùn. Àtúnṣe náà kò lè ṣe kó má dá sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí rọrùn: kí òun kúkú bu lára ẹ̀gbọ́n, kí òun fi lé àbúrò, kí àwọn méjèèjì dọ́gba.

Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ bù ú dáadáa o, bọ̀dá. Ẹ má ṣojo."

Kì í sì í ṣe àwàdà lásán. Bí wọ́n bá fẹ́ mú kí apá ènìyàn tóbi nínú fọ́tò, wọ́n nílò awọ tí wọ́n á fi dí ibi tó ṣẹ́kù, wọ́n á sì wá a níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bá ara mu. Apá ẹ̀gbọ́n ló sún mọ́ jù lọ. Ibẹ̀ ni Àtúnṣe ti bu awọ, tó fi lẹ apá àbúrò, kó tó wá gé apá ẹ̀gbọ́n náà kéré. Ó fa ìbàdí wọlé. Ó yọ ẹran kúrò lábẹ́ àgbọ̀n. Iṣẹ́ náà kò parí lọ́jọ́ yẹn, ó dọwọ́ ọjọ́ kejì kó tó ṣe é tán. Wọ́n padà wá gbà á lọ́sàn-án. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó wò ó, títí àbúrò fi fi ìgúnpá gún un. Ó wá ní, ṣé ẹ rí i, èmi ló wà níbẹ̀ yìí láti ọjọ́ yìí.

Àtúnṣe kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, nítorí ó dùn mọ́ ọn. Ó ń fi í polówó iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn.

Ní gbogbo ọdún yẹn, ọmọbìnrin náà a máa gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá bó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ní oṣù kẹfà, Àtúnṣe kò dá a mọ̀ mọ́ àfi ìgbà tó kí i. Ọ̀gá ní, "O ti rù o," ó sì dúpẹ́, bí ẹni tí wọ́n ṣe sàdáńkátà fún. Ní oṣù kẹjọ, aṣọ ti ń mì lára rẹ̀. Àtúnṣe pe oníbàárà kan wá sẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ sí i láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi tó ń rìn lọ yẹn." Kò sẹ́ni tó fipá mú un sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ẹni tó kọ ìtàn yìí, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń wò bóyá yóò dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà kejì. Láti oṣù kẹwàá ni kò ti rí i mọ́. Ó rò pé ó ti rí iṣẹ́ síbòmíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù kìíní ọdún 2020, òjò ń rọ̀, ni ìyá kan wọlé tó sì ń gbọn agbòòrùn rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí omi má baà kán sí ilẹ̀ onílẹ̀. Obìnrin kúkúrú tó sanra ni, a máa ṣe ìmọ́tótó ní ilé ìwé kan. Ó kí ọ̀gá, ó kí Àtúnṣe, ó ní òun ni ìyá ọmọ tó ń jókòó níwájú ní ilé oníṣègùn eyín. Ó ní ọmọ náà kú ní oṣù kọkànlá. Òtútù àyà ni dókítà kọ sínú ìwé.

Ọ̀gá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá ní kí wọ́n má sunkún, pé òun ti sun tòun. Ó ní òtútù àyà lòótọ́ ni, òun kò bá dókítà jiyàn. Ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé òtútù kan náà mú gbogbo ilé, ó mú òun, ó mú ọmọkùnrin òun, àwọn méjèèjì sì dìde. Ara tí ọmọ yẹn ì bá fi bá àìsàn jà ni kò sí lára rẹ̀ mọ́.

Ó wá sọ ohun tó bá wá. Ó fẹ́ fọ́tò ọmọ rẹ̀ tí yóò gbé kọ́ pálọ̀, fọ́tò ìgbà tí ara ọmọ náà ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nílé. Bí ọmọ náà ṣe ń rù, ó ń wá àwọn fọ́tò tó ti sanra kiri, ó ń fà wọ́n ya, ó ń pa wọ́n rẹ́: ti inú álíbọ́ọ̀mù, ti orí ògiri, ti inú fóònù tirẹ̀, títí kan èyí tó wà nínú fóònù ìyá. Èyí tó kù nílé, yálà ó jẹ́ ọmọ ọdún méje nínú rẹ̀, tàbí ó jẹ́ egungun. Àbúrò rẹ̀ ló rántí pé àwọn ya ọ̀kan níbí ní ọdún tó kọjá, ó sì ní àwọn oníṣẹ́ fọ́tò kì í ju nǹkan nù.

Ìyá ní, "Níbi tí wọ́n ti bí mi, bí wọ́n bá rí ọmọ tó sanra, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mo rù débi pé aṣọ mẹ́ta ni mo wọ̀ sórí ara wọn kí n tó ya fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sílé. Mo fẹ́ kí ìyá mi rò pé mò ń jẹun. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ sanra láìwọ aṣọ mẹ́ta."

Àtúnṣe mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó ṣí ẹnu, ohun tó sì jáde ni pé kí ìyá fún òun ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pé fáìlì náà wà, òun ni yóò wá a.

Bí ìyá ṣe jáde tán ni ọ̀gá wo ojú rẹ̀. Kò pẹ́ kó tó yé e. Ó bi í bóyá kò tọ́jú ojúlówó, Àtúnṣe sì ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá kì í ṣe òǹrorò ènìyàn. Ohun tó bá rọrùn ló máa ń yàn. Ó ní kó fi díẹ̀ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó fi díẹ̀ kún apá, kó tẹ̀ ẹ́ jáde fún obìnrin náà, kó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Tó bá ti rí ọmọ tó sanra, ó ti tó o. Ta ló fẹ́ mú tépù wọ̀n ọ́n?

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Àtúnṣe fi gbà pé ó bọ́gbọ́n mu.

Ó ṣí fáìlì náà. Àwọn méjèèjì dúró níwájú aṣọ ìkélé, ejìká sí ejìká, ọmọkùnrin tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí pákó, ọmọbìnrin tí ìbàdí rẹ̀ há bí ọrùn ìgò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìbàdí náà síta. Ó fà á dé ibì kan, ó dáwọ́ dúró. Kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó wò ó bóyá aṣọ ìkélé lè sọ fún un, nítorí bí wọ́n bá fa ara ènìyàn wọlé nínú fọ́tò, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń tẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí òun bá fà á padà títí ìṣẹ́po aṣọ fi dúró ṣánṣán, ara náà yóò padà sí àyè rẹ̀. Ó ronú kan èyí, inú rẹ̀ dùn fún bíi wákàtí kan. Ó wá rántí pé òun ti kun gbogbo ìṣẹ́po náà nígbà tí òun ń gé e kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé ó tẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù lọ́jọ́ yẹn.

Ó lọ síwájú, ó ka ìṣẹ́po ara aṣọ ìkélé gan-an, èyí tó ṣì so níbẹ̀. Ọ̀gá ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé àwọn ti fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́ta láti ìgbà náà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Nínú apá ọmọkùnrin yẹn, lẹ́bàá ìgúnpá, ni awọ tó bù lára ẹ̀gbọ́n wà, awọ tó bù kó tó fọwọ́ kan ara ọmọbìnrin náà. Ó mú un tóbi lójú kọ̀ǹpútà títí ó fi kún gbogbo ibẹ̀. Òun nìyẹn: ojúlówó rẹ̀ tó kù láyé, kò fẹ̀ ju ojú àtàǹpàkò lọ. Ó ní àwọ̀, ó ní ihò irun wẹ́wẹ́, ó sì ní àmì kékeré kan tó dà bí ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́. Kò sọ bí apá náà ṣe tóbi tó. Àtúnṣe jókòó tì í bẹ́ẹ̀ títí oníbàárà kan fi kan ilẹ̀kùn, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òun ti gbé ọwọ́ lé ojú kọ̀ǹpútà, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti sú u. Ẹni tó bá jókòó tì í tó ní kó gé ibí, yóò gé e, ṣùgbọ́n yóò máa wo ibi tó gé náà lára ẹni tó jókòó. Ó máa ń ṣe é bíi pé ọ̀kan nínú wọn kò ní lè dìde lórí àga. Kò fẹ́ràn dígí iwájú mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ojúlówó gbogbo ènìyàn, títí kan ti àwọn ọmọ ọwọ́, kọ̀ǹpútà kún dẹ́múdẹ́mú, ọ̀gá ráhùn títí ó fi sú u.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni àbúrò dé. Àtúnṣe kọ́kọ́ rò pé oníbàárà tuntun ni. Apá ọmọkùnrin náà ti kún inú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ débi pé àránpọ̀ ń fẹ́ já. Kò sẹ́ni tó lè pe eléyìí ní Báírò mọ́. Ó kí i, ó jókòó, ó ní òun wá wo ibi tí wọ́n bá a dé kí ìyá òun tó dé. Àtúnṣe ní àwọn ṣì ń wá a.

Ó bi í nípa èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde nígbà náà, èyí tí wọ́n fẹ́ fún ìyá wọn. Ọmọkùnrin náà ní wọn kò fún un. Bí wọ́n ṣe délé lọ́jọ́ yẹn, olúkúlùkù fẹ́ràn tirẹ̀ jù, ni wọ́n bá fi sáàsì gé e sí méjì, wọ́n ra bàtà fún ìyá dípò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n lẹ tirẹ̀ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Òun lẹ tòun mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Láràárọ̀, òun a gbé irin, a wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Láràárọ̀, ẹ̀gbọ́n a ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, a wo inú rẹ̀, a sì ní òun ti yó. Gbogbo ilé ń yin òun, nítorí ọkùnrin tó ń tóbi, wọ́n ní ó ń dàgbà ni. Ìyá nìkan ló ń bá ẹ̀gbọ́n jà, ẹ̀gbọ́n sì ní ojú ilé àtijọ́ ni ìyá fi ń wo ènìyàn. Lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, wọ́n ti dáwọ́ pípè é ní Ọ̀rọ̀bọ̀ dúró, wọ́n ń bi í léèrè ohun tó ń jẹ.

Àtúnṣe ní òun kò mọ̀.

Ọmọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Mo dé ibi tí ẹ yà mí sí, bọ̀dá. Òun náà débẹ̀."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Bó bá ṣe pé ó bínú, ì bá dára. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó fara balẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kọjá nítorí ejìká rẹ̀, ó sì lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Àtúnṣe pinnu pé òun kò ní fún ìyá náà ní ọ̀kan kí òun sì sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ nìyí. Ó jókòó, ó ṣe fọ́tò ọmọbìnrin náà márùn-ún. Nínú èyí àkọ́kọ́, ara rẹ̀ kàn kún díẹ̀. Nínú ìkarùn-ún, ó sanra gan-an. Mẹ́ta wà láàárín. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé ọ̀kan nínú wọn yóò jọ ọ́, pé ìyá yóò mọ ọmọ rẹ̀ bó bá rí i, pé ojú ìyá yóò ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ni ìyá àti ọmọkùnrin rẹ̀ wá. Oòrùn wà níta, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìyá ti mú férémù dání láti ilé, férémù onígi tí ó ti nù mọ́ tónítóní, gíláàsì rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ ṣófo. Ó gbé e lé orí tábìlì gíláàsì iwájú. Ọ̀gá rí i, ó yíjú sí ibi tí àwọn férémù tòun wà, ó ń tò wọ́n bí ẹni pé wọ́n tú ká.

Àtúnṣe dúró. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Irọ́ ni mo pa fún yín. Fáìlì náà kò sí. Èmi ni mo pa á rẹ́ ní ọjọ́ kejì tí wọ́n yà á. Márààrún yìí, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe wọ́n láti ara èyí tí mo ti gé. N kò mọ èyí tó jọ ọ́. Mo rò pé ẹ̀yin á mọ̀ ọ́n."

Ó ti múra sílẹ̀ de èébú. Ó tilẹ̀ ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kò bú u. Ó ní kó kó wọn wá. Àtúnṣe tò wọ́n sílẹ̀ lórí gíláàsì, ìwé márùn-ún, ọmọbìnrin kan náà nínú aṣọ kan náà, ẹ̀rín kan náà, ara márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí àbúrò nínú wọn. Ó ti yọ ọ́ kúrò.

Ìyá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. Ó mú ìkẹta. Ó ní òun nìyí, àgbọ̀n rẹ̀ nìyí. Inú Àtúnṣe fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí òjò rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ìyá kò fi í sínú férémù. Ó mú ìkẹrin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní apá rẹ̀ jọ èyí jù, torí pé bí òun bá so ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́wọ́, okùn máa ń há. Ó mú ìkarùn-ún. Ó ní ó lè jẹ́ eléyìí. Ó pe ọmọkùnrin rẹ̀ pé kó wá wò ó, pé òun ló kéré, ojú rẹ̀ ríran.

Ọmọkùnrin náà wá, ó wò wọ́n láìfọwọ́ kàn wọ́n, ó tọ́ka sí ìkejì. Ìyá ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ìkejì ti tínrín jù. Ó ní, màámi, bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹ̀yin lẹ máa ń rí i pé ó sanra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ní ṣé ó fẹ́ kọ́ òun ní ọmọ òun ni? Ó ní rárá. Wọn kò gbé ohùn sókè. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú yàrá tí ẹlòmíràn ti ń sùn.

Nígbà tó yá, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n, láti ara tó tẹ́ẹ́rẹ́ títí dé èyí tó sanra, ó fi ọwọ́ tẹ́ etí ìwé kọ̀ọ̀kan kó dúró dáadáa. Ó wo àkọ́kọ́, ó wo ìkejì, ó ń wò wọ́n lọ, ó tún ń wò wọ́n bọ̀. Àtúnṣe rí i pé ohun kan ń kúrò lójú obìnrin náà bó ṣe ń wò, ohun tó mú wọlé láti ilé pẹ̀lú férémù yẹn, tó dá a lójú, tí kò lè dá a lójú mọ́. Ó fẹ́ sọ pé kó dáwọ́ dúró. Ó fẹ́ kó wọn kúrò níwájú rẹ̀.

Ọ̀gá ti dáwọ́ férémù títò dúró. Ọmọkùnrin náà ń wo ilẹ̀.

Ìyá gbé ojú sókè, ó wo Àtúnṣe, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni mo bí nínú wọn?"